Wákàtí Kan Láàrin Ọgbà

Ní Vashliani, lẹ́sẹ̀ òkè tí yìnyín kì í tán lórí rẹ̀,
mo sùn nínú ilé tèmi, mo jí lẹ́nu ààlà.
Ẹnì kankan ò kan ilẹ̀kùn, ẹnì kankan ò bi mí bí mo ṣe sùn.
Wáyà ni mo kọ́kọ́ rí, ó ń dán bí ẹja tútù
láàrin igi ápù tí bàbá ọkọ mi gbìn.
Ọgbà ni mo ní, ọgbà ni wọ́n fi gé e.
Ọgbà tèmi ń so èso;
ọgbà tiwọn, ẹ̀gún nìkan ló ń so.

Ẹ jẹ́ n ka ohun tó bọ́ sọ́hùn-ún:
igi ápù mọ́kàndínlógún,
kànga,
ìdajì ilé adìẹ
(àwọn adìẹ ń lọ, wọ́n ń bọ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìwé),
ibojì Nodar ọkọ mi,
àti Tsiala, àbúrò mi, tó lọ́kọ sí ìsàlẹ̀ odò
nígbà tí ìsàlẹ̀ odò ṣì ń jẹ́ ìsàlẹ̀ odò lásán.

Àwọn alámòójútó àlàáfíà wá nínú ọkọ̀ funfun.
Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Wọ́n bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé.
Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan,
gbé awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn sún mọ́ni sójú, ó wo ibojì ọkọ mi.
Ó ní òun rí i. Ó ní koríko ti bò ó.
Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tó kọ.
Ó ní: "Ìṣẹ̀lẹ̀."
Àádọ́ta ọdún nílé ọkọ: ìṣẹ̀lẹ̀.

Wọ́n ní wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ wa nílùú kan tó wà létí adágún,
àwọn tó so táì mọ́rùn, nídìí tábìlì gígùn,
ìpàdé kẹtàdínlọ́gọ́ta.
Wọ́n jiyàn títí ọ̀sán fi pọ́n lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo:
ṣé "ààlà" ni kí wọ́n pè é, àbí "ìlà"?
Kí wọ́n wá fọwọ́ kàn án. Wáyà ni.
Ó ti ya yẹ̀rì méjì mọ́ mi lára.

Nígbà ìkórè, Guram ọmọ Zaira sáré lé màlúù rẹ̀.
Màlúù kò mọ òfin àgbáyé; koríko ló mọ̀.
Àwọn ọmọ-ogun mú àtòun àti màlúù.
Guram lo ọjọ́ mọ́kànlá, ó san owó ìtanràn, ó dé tòun ti irùngbọ̀n.
Màlúù kò dé.
A ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ létí adágún.

Tí mo bá wà ní yàrá, fóònù mi mọ orílẹ̀-èdè mi.
Tí mo bá dé ilé ìdáná, ó ní ẹ káàbọ̀ sí orílẹ̀-èdè mìíràn,
owó ìpè ti fò sókè.
Èmi tí mo kàn fẹ́ bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni èmi àti Tsiala máa ń pàdé,
tí kùrukùru bá bo ojú ilé ìṣọ́.
Mo ń na oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí i láàrin ẹ̀gún,
ó ń na àsálà tó ti pa sí mi,
torí ó mọ̀ pé eyín mi ti lọ.
A kì í sọ̀rọ̀ ìjọba. Ọ̀rọ̀ orúnkún là ń sọ.
Lọ́dọ̀ mi, aago méje ti lù;
lọ́dọ̀ rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré sí mi, aago mẹ́fà ni,
nítorí aago olú-ìlú àwọn tó gbé ìbọn ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún.
Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, wákàtí kan lẹ fi ṣáájú mi."
Mo ní ọdún mẹ́rin ni, má rẹ́ mi jẹ.
Ó rẹ́rìn-ín títí ajá àwọn ọmọ-ogun fi gbó.

Mo máa ń rò ó, tí oorun bá kọ̀ tí kò kùn mí:
bí mo bá kú láago méje òwúrọ̀,
aago mẹ́fà ni yóò jẹ́ lọ́dọ̀ Tsiala.
Yóò ṣì máa pa àsálà sílẹ̀ dè mí,
n ó ṣì ní wákàtí kan nílé ayé,
níbẹ̀ yẹn, láàrin àwọn igi ápù mi,
níbi tí n kò lè dé.